Ọyẹ́ ti dé, lékeléke náà ti dé: bẹ́ ẹ ṣe máa yà wọ́n tí ìyẹ́ wọn ò fi ní sọnù sínú ìmọ́lẹ̀

Láti bí ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn làwọn èèyàn ti ń fi fọ́tò lékeléke ránṣẹ́ sí mi, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn sì ń sọ, pé ẹyẹ yẹn rẹwà gan-an nígbà táwọn ń wò ó lójúkojú, àmọ́ nínú fọ́tò, nǹkan funfun kan báyìí ni wọ́n rí, bí ìgbà téèyàn gé bébà tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí koríko. Ó ṣe èmi náà rí. Ọdún tí mo ra lẹ́ǹsì gígùn àkọ́kọ́, mo gun ọ̀kadà lọ sẹ́yìn Mọ́níyà n'Ìbàdàn níbi táwọn Fúlàní ti ń da màlúù, mo ya fọ́tò tó lé ní 300 láàárọ̀ ọjọ́ kan, inú mi ń dùn bọ̀ wálé, ìgbà tí mo wá ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, màlúù hàn kedere, eṣinṣin tó bà lé e létí gan-an hàn, ẹyẹ tí mo torí ẹ̀ jáde nílé ò ní ìyẹ́ kankan lára, ó kàn funfun báláú. Mo dín ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ kù, ó di eérú. Mo tún dín in kù, eérú yẹn náà ló tún ṣókùnkùn sí i. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti jó nínú fọ́tò, kámẹ́rà ò kọ nǹkan kan síbẹ̀, kò sì sí ohun tẹ́ ẹ lè fà jáde níbi tí wọn ò kọ nǹkan sí.

Ohun tó wá yé mi lẹ́yìn ọdún mélòó kan ni pé ìmọ́lẹ̀ tó le ò lè kárí gbogbo ohun tó wà nínú fọ́tò. Ojú wa lè rí ìyẹ́ funfun kó tún rí òjìji abẹ́ màlúù lẹ́ẹ̀kan náà, kámẹ́rà ò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Torí náà kẹ́ ẹ tó tẹ bọ́tìnnì, ẹ mú nǹkan kan ṣoṣo tí ò gbọ́dọ̀ sọnù, kẹ́ ẹ sì gbà kí ìyókù lọ. Lára lékeléke, ìyẹ́ ni. Lára alápàńdẹ̀dẹ̀ tó ń fò nírọ̀lẹ́, bí ara ẹ̀ ṣe rí ni, apá tó tẹ̀ bíi dòjé àti ìrù tó là sí méjì. Lára àṣá tó ń rà bàbà lókè, abẹ́ apá ẹ̀ ni. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nísàlẹ̀ yìí, orí ìyẹn náà ló dá lé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ àwọn tá a fẹ́ yà. Lékeléke tá à ń rí yìí, púpọ̀ nínú wọn kì í bá wa gbé lọ́dún jọ. Nígbà òjò, apá òkè ọ̀hún ní àríwá ni wọ́n máa ń wà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yé ẹyin tí wọ́n ti ń tọ́ ọmọ, tí ilẹ̀ ibẹ̀ bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ ní bí oṣù kẹwàá sí oṣù kọkànlá, wọ́n á máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa, tí òjò bá tún ti ń rọ̀ dáadáa ní bí oṣù kẹrin sí oṣù karùn-ún ẹ ò ní fi bẹ́ẹ̀ rí wọn mọ́. Ṣebí gbogbo wa la ti na èékánná sí wọn rí nígbà tá a wà ní kékeré, pé kí wọ́n fún wa ní funfun. Alápàńdẹ̀dẹ̀ tí mò ń sọ ní tiẹ̀, ilẹ̀ Yúróòpù ló ti ń bọ̀, ọ̀fun ẹ̀ pọ́n bí ilẹ̀ pupa, ẹ̀yìn ẹ̀ ń dán bí aṣọ tí wọ́n rẹ sínú aró tí wọ́n sì lù dáadáa, ó wúwo tó nǹkan bí 20 gíráàmù péré, pẹ̀lú ìwọ̀n yẹn náà ló fò kọjá aṣálẹ̀ Sàhárà. Ẹ má ṣì í mú fún àwọn tó ń fi amọ̀ kọ́lé sábẹ́ bíríìjì àti sábẹ́ òrùlé wa, àwọn yẹn, ibí ni wọ́n ti ń bímọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí bí èyí tó ti òkè òkun wá ṣe máa ń pọ̀ tó, Ebbaken lápá Boje ní ìjọba ìbílẹ̀ Boki, ìpínlẹ̀ Cross River, ni kẹ́ ẹ lọ, inú eèsún tó bo orí òkè ni wọ́n ń sùn sí níbẹ̀, iye wọn máa ń lé ní mílíọ̀nù kan. Àwọn ará ibẹ̀ máa ń fi àtè mú wọn jẹ tẹ́lẹ̀ kí àwọn tó ń dáàbò bo ẹyẹ tó lọ bá wọn sọ̀rọ̀.

Lọ́dọ̀ tiwa níbí, etí ọ̀sà l'Ékòó dáa, ọgbà Lekki Conservation Centre dáa, adágún omi Ẹlẹ́yẹlé àti ti Asejire dáa, ọgbà IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà n'Ìbàdàn, ní igbó ó ní omi, àmọ́ ẹ gba àyè kẹ́ ẹ tó wọlé. Èyí ṣe pàtàkì o. Lẹ́ǹsì gígùn máa ń ba èèyàn lẹ́rù. Wọ́n ti gba káàdì kámẹ́rà mi rí níbì kan tí wọ́n nu gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan odidi, torí mi ò kọ́kọ́ lọ kí wọn lẹ́nu géètì. Látìgbà yẹn, mi ò yọ kámẹ́rà níbi tí mi ò bá tíì bá ẹnì kan sọ̀rọ̀, mi ò sì dá lọ síbi omi mọ́.

Ó kan ìmọ́lẹ̀ wàyí. Ekuru ọyẹ́ tẹ́ ẹ ń rí yìí, púpọ̀ nínú ẹ̀, agbègbè Bodélé lórílẹ̀-èdè Chad ló ti ń gbéra, atẹ́gùn tó ń fẹ́ láti àárín àríwá àti ìlà-oòrùn ló ń kó o bọ̀ wá bá wa láti bí oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta. Tó bá ti kún ojú ọ̀run, oòrùn á dà bí kọ́bọ̀ fàdákà lẹ́yìn aṣọ, òjìji á parẹ́ nílẹ̀, igi tó wà lọ́ọ̀ọ́kán á dà bí èéfín. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ya ẹyẹ ló máa ń gbé kámẹ́rà sílẹ̀ lákòókò yìí, wọ́n á ní àwọn ń dúró de ìgbà tí ojú ọjọ́ á mọ́. Èmi ò bá wọn gbà á rárá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ya ìyàwó lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ẹ mọ̀ pé tí ìyàwó bá wọ léèsì funfun tí oòrùn ọ̀sán gangan wà lórí ẹ̀, léèsì yẹn ò ní hàn, ẹ máa wá abẹ́ igi fún un, tàbí kẹ́ ẹ ní kẹ́nì kan bá yín ta aṣọ funfun sí ojú oòrùn. Ohun tí ọyẹ́ ń bá wa ṣe nìyẹn, lọ́fẹ̀ẹ́, ó ta aṣọ sí ojú oòrùn. Ọ̀sán oṣù kẹta tí ekuru ti lọ tí oòrùn ń jó ni ọ̀tá lékeléke, ọjọ́ ọyẹ́ ò bá a ṣọ̀tá.

Ohun tí ọyẹ́ ń gbà lọ́wọ́ wa ni ibi jíjìn. Gbogbo ekuru tó wà láàárín ẹ̀yin àti ẹyẹ ló máa wọ inú fọ́tò, bẹ́ ẹ bá sì fi lẹ́ǹsì gígùn 600mm fa ẹyẹ yẹn mọ́ra, ẹ fa ekuru yẹn mọ́ra pẹ̀lú ẹ̀ ni, kò sí lẹ́ǹsì tó ń wo inú ekuru. Ẹ̀tọ́ ẹ̀ ni kẹ́ ẹ sún mọ́ ọn. Èmi kì í ya ẹyẹ tó bá jìn ju bí 40 ìṣísẹ̀ lọ nígbà ọyẹ́, àfi tó bá jẹ́ pé agbo ẹyẹ ni mo fẹ́ kó, ìyẹn yàtọ̀.

Kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, ẹ fi kámẹ́rà sí RAW, ìyẹn fọ́tò tí kámẹ́rà ò tíì fọwọ́ kàn. Tẹ́ ẹ bá ń ya JPEG, kámẹ́rà ti ṣe ìpinnu tán kó tó fi fọ́tò lé yín lọ́wọ́, RAW ló máa jẹ́ kẹ́ ẹ lè rí nǹkan fà nílé. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ìkìlọ̀ tó máa ń ṣẹ́jú yẹn nínú sẹ́tíǹgì, èyí tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá ya fọ́tò tán, ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti jó á máa ṣẹ́jú dúdú-funfun dúdú-funfun, ẹ tàn án. Mi ò mọ bí mo ṣe ń ya ẹyẹ funfun kí n tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ẹ wá yí kámẹ́rà sí M, kẹ́ ẹ máa fọwọ́ ara yín yan ṣọ́tà (bí kámẹ́rà á ṣe lajú pẹ́ tó), ihò lẹ́ǹsì (ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé) àti ISO (bí kámẹ́rà á ṣe tètè mú ìmọ́lẹ̀ tó).

Mo mọ̀ pé M yẹn máa ń ba àwọn kan lẹ́rù, àmọ́ ẹ gbọ́ ìdí ẹ̀. Kámẹ́rà máa ń fẹ́ kí gbogbo ohun tó bá rí wà láàárín, kó má dúdú kó má funfun. Tí lékeléke bá dúró níwájú màlúù pupa, dúdú ló pọ̀ jù níbẹ̀, kámẹ́rà á ní ibí yìí ṣókùnkùn, á da ìmọ́lẹ̀ kún un, ẹyẹ á jó. Tí ẹyẹ kan náà bá fò tí ojú ọ̀run funfun wà lẹ́yìn ẹ̀, kámẹ́rà á ní ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á bù ú kù, ẹyẹ á di eérú. Ẹyẹ ọ̀hún ò yí padà, oòrùn ò yí padà, ìmọ́lẹ̀ tó ń bà lé e lára bó ṣe wà náà ló wà, èrò kámẹ́rà ló ń yí kiri. Tẹ́ ẹ bá fọwọ́ ara yín dè é mọ́lẹ̀, ẹyẹ á dáa níwájú màlúù, á dáa lójú ọ̀run, á dáa lórí koríko.

Bí mo ṣe ń dè é rèé. Mo máa wá lékeléke kan tó dúró jẹ́ẹ́, mo máa yà á, mo máa wò ó. Tí ẹ̀yìn ẹ̀ bá ń ṣẹ́jú, mo máa fa ISO wálẹ̀ ìdá kan, mo máa tún yà, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí kò fi ní ṣẹ́jú mọ́, lẹ́yìn náà mo máa tún fa ìdá kan sí i wálẹ̀ torí tí ẹyẹ yẹn bá yíjú sí oòrùn, ó máa tún funfun ju bó ṣe wà lọ. Mo wá máa fọwọ́ fẹ fọ́tò yẹn lójú kámẹ́rà, kí n wo ibi tí ìyẹ́ ẹ̀yìn ti pàdé ìyẹ́ apá, tí mo bá rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ níbẹ̀ bí ìlà ara òwú, ó ti tán. Gbogbo fọ́tò yẹn á dà bí èyí tó ṣókùnkùn díẹ̀, ẹ jẹ́ kó ṣókùnkùn. Màlúù tó dúdú ṣeé fà sókè nílé, ìyẹ́ tó jó ò ṣeé fà wálẹ̀. Bí oòrùn ṣe ń gòkè, ẹ máa tún un wò ní bí ìṣẹ́jú 15 síra, torí ìmọ́lẹ̀ ọyẹ́ láàárín aago mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án máa ń sáré.

Ẹni tó bá fẹ́ nọ́ńbà láti fi bẹ̀rẹ̀: láago mẹ́jọ àárọ̀ tí ekuru pọ̀, ṣọ́tà 1/1600, ihò f/6.3, ISO 1600. Tó bá fi máa di aago mẹ́wàá, ISO á ti wálẹ̀ dé 400 tàbí 640. Lékeléke kì í fi bẹ́ẹ̀ lu apá kíákíá, 1/1600 tó fún un bó bá ń fò, tó bá sì ń rìn nílẹ̀ jẹ́jẹ́, 1/500 náà ṣe é. Ẹni tí M bá ṣì ń dà láàmú kó lo bọ́tìnnì tí wọ́n kọ àmì + àti − sí, níwájú nǹkan dúdú kó fà á sí −1, lójú ọ̀run kó tì í sí +1, á ràn án lọ́wọ́ díẹ̀, àmọ́ á máa yí i kiri látàárọ̀ dalẹ́.

Ibi màlúù ni mo fẹ́ràn jù, ẹ jẹ́ kí n dúró níbẹ̀ díẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ kí ẹni tó ń dà wọ́n, ẹ fi kámẹ́rà hàn án, ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé ẹyẹ lẹ bá wá. Ẹ má rìn wọ àárín màlúù, ẹ lọ síwájú ibi tí wọ́n ń jẹ bọ̀, kẹ́ ẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí oòrùn wà lẹ́yìn yín tàbí ní ẹ̀gbẹ́, kẹ́ ẹ máa dúró. Láàárín ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, màlúù á ti máa jẹ kọjá lára yín, lékeléke á sì tẹ̀lé wọn, ẹyẹ tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ rìn lọ bá, á ti fò, èyí tó bá fúnra ẹ̀ rìn wá bá yín, ó máa sún mọ́ yín débi pé lẹ́ǹsì ò ní lè mú un mọ́. Jíjókòó nílẹ̀ yẹn tún ní èrè míì. Tẹ́ ẹ bá dúró lóòró, ilẹ̀ tó gbẹ tó mọ́lẹ̀ yòò ló máa wà lẹ́yìn ẹyẹ, tẹ́ ẹ bá jókòó, koríko àti ara màlúù tó wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún ló máa wà níbẹ̀, funfun ẹ̀ á yọ.

Ẹ máa wo ẹsẹ̀ iwájú màlúù. Bó bá ti gbé ẹsẹ̀ báyìí, tata tó sá pamọ́ sínú koríko á fò, lékeléke tó ti ń ṣọ́ ọ á na ọrùn síwájú, ọrùn yẹn á wá máa mì sọ́tùn-ún sósì bí ìgbà tó ń wọn ibi tó máa gbé e gbà, orí ẹ̀ á sì dúró sójú kan. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Tẹ́ ẹ bá dúró dìgbà tó gbé tata, ó ti gbé e mì kí ìka yín tó dé orí bọ́tìnnì. Lọ́jọ́ kan, mo ń wo ohun tí mo yà lójú kámẹ́rà, ọmọdékùnrin tó ń da màlúù yẹn wá yọjú lẹ́yìn èjìká mi, ó fi ìka kan ibì kan nínú fọ́tò yẹn, ó rẹ́rìn-ín. Ẹsẹ̀ tata ni, ẹyọ ẹsẹ̀ kan tó yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ẹyẹ, tẹ́ẹ́rẹ́, tó ní ẹ̀gún wẹ́wẹ́ lára, èmi ò tiẹ̀ rí i. Òun tó ń wò wọ́n lójoojúmọ́ rí i lójú ẹsẹ̀. Mo máa ń fi fọ́tò han àwọn tó bá wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà báyìí, wọ́n mọ ẹyẹ yẹn jù mí lọ.

Tó bá jẹ́ màlúù funfun oníwo gígùn ló wà níbẹ̀, ẹ sún sí ẹ̀gbẹ́ títí tí koríko á fi bọ́ sẹ́yìn ẹyẹ, funfun lórí funfun nínú ekuru ò ní yọ láéláé. Bó bá di oṣù kẹrin tí wọ́n ti ń múra àti lọ, orí wọn, àyà wọn àti ẹ̀yìn wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n díẹ̀ bí awọ ẹ̀pà, àwọ̀ tí wọ́n fi ń wá aya lọ nìyẹn, ẹ má jẹ́ kí ọdún kọjá láìya ìyẹn. Ọ̀rọ̀ àwọ̀ náà, ekuru máa ń sọ gbogbo nǹkan di pupa rúsúrúsú, tẹ́ ẹ bá fi kámẹ́rà sílẹ̀ kó máa dá àwọ̀ yàn, fọ́tò kan á pọ́n, èyí tó tẹ̀ lé e á di búlúù. Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń yan àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ (White Balance), ẹ fi sí bí 5500K kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ síbẹ̀, nílé ẹ lè fi ìyẹ́ ẹyẹ yẹn fúnra ẹ̀ tún un ṣe. Ẹ má wá fọ̀ ọ́ títí kó funfun bí aṣọ tí wọ́n fi omi búlúù ṣan o. Ẹyẹ àárọ̀ ọyẹ́ ní àwọ̀ òwú, kì í ṣe àwọ̀ bébà, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Fókọ́ọ̀sì máa ń ṣe wàhálà nínú ekuru, kámẹ́rà á máa wá ibi tó máa dì mú, á jáde lọ á wọlé bọ̀, ẹyẹ á ti lọ. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé kí ẹyẹ tó dé, mo máa ti di fókọ́ọ̀sì mọ́ igi tàbí koríko kan tó wà níwọ̀n ibi tí mo mọ̀ pé á gbà, tí ẹyẹ bá wá dé, ọ̀nà díẹ̀ ló kù fún kámẹ́rà láti rìn. Tí lẹ́ǹsì yín bá ní bọ́tìnnì tó máa ń dín ibi tí fókọ́ọ̀sì ń rìn kù, ẹ lò ó. Ẹ fojú sí ibi tí dúdú àti funfun ti pàdé, bí ojú ẹyẹ tàbí ẹnu ẹ̀, torí kò sóhun tí kámẹ́rà lè dì mú lára ẹ̀yìn funfun.

Ti àṣá ò gùn. Èyí tí ẹnu ẹ̀ pọ́n rúsúrúsú, tí òun náà máa ń sọ̀ kalẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ojú ọ̀run funfun ló máa ń wà lẹ́yìn ẹ̀, ẹ ti bọ́tìnnì + àti − yẹn sí +1⅓ tàbí +2, ẹ jẹ́ kí ojú ọ̀run jó bó bá fẹ́ jó, abẹ́ apá àti ojú ẹ̀ lẹ bá wá. Lékeléke tó wà níwájú nǹkan dúdú lẹ bù kù, àṣá lẹ bù kún, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ẹyẹ kékeré tó máa ń rìn létí ọ̀sà tí wọ́n ń ju ìdí sókè sódò ńkọ́, àárọ̀ kùtù nìkan ni. Tó bá ti di aago mẹ́wàá, ooru á ti máa gbọ̀n lórí iyanrìn, fọ́tò á máa dà bí ohun tẹ́ ẹ wò láti inú omi, kò sí ṣọ́tà tó lè wo ìyẹn sàn. Ẹ palẹ̀ mọ́ kẹ́ ẹ lọ jẹun.

Alápàńdẹ̀dẹ̀ ló le jù, àwọn ni mo sì máa ń padà lọ bá jù. Ìrọ̀lẹ́ létí omi ni. Ẹ dé ibẹ̀ ó pẹ́ tán aago márùn-ún, ẹ jókòó kí ìwọ̀-oòrùn wà níwájú yín, kẹ́ ẹ má ya nǹkan kan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́. Ẹ kàn máa wò wọ́n. Ẹ máa rí i pé wọn ò fò ṣákálá bó ṣe jọ, ẹyẹ tó bá sọ̀ kalẹ̀ wá la ẹnu bu omi mu á tún gba ojú ọ̀nà kan náà padà wá, á gòkè, á yípo, á tún sọ̀. Ojú ọ̀nà yẹn lẹ máa ṣọ́, torí ẹni tó bá ń lé wọn kiri pẹ̀lú lẹ́ǹsì gígùn, ọrùn á dùn ún lásán ni. Níwọ̀n ìgbà tí oòrùn bá ṣì wà lókè, 1/2500, f/5.6, ISO 1000 tàbí 1250, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí kámẹ́rà máa fi ibi fẹ̀ǹfẹ̀ wá fókọ́ọ̀sì dípò ojú kan ṣoṣo. Lẹ́ǹsì 300 ti tó, èyí tó gùn jù ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ rí wọn mú.

Tí oòrùn bá wá ń wọ̀ nínú ekuru, á pọ́n á sì rọ̀ débi pé ẹ lè máa wò ó lójú. Àsìkò yẹn ò pẹ́ rárá lọ́dọ̀ wa. Látìgbà tí oòrùn bá ti wọ̀, nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú lẹ ní, ilẹ̀ ti ṣú. Ẹ gbàgbé ọ̀fun pupa, ẹ gbàgbé ẹ̀yìn aró, ìmọ́lẹ̀ ìyẹn ti lọ, bẹ́ ẹ bá tì í títí dé ISO 20000, ẹrẹ̀ lẹ máa rí. Ẹ fi ojú ọ̀run wọn ìmọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ẹyẹ dúdú pátápátá, 1/500, f/5.6, ISO 1600 lẹ́yìn tí oòrùn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀. Ẹ dúró de ẹyẹ tó bá na apá méjèèjì tí ìrù ẹ̀ ṣí, tí ẹyẹ míì ò sì bò ó. Ọ̀kan péré tó bá yọ dáadáa láàárín ọgọ́rùn-ún, ọjọ́ yẹn ti dáa. Nígbà tó bá wá ṣókùnkùn ju ìyẹn lọ, èmi máa ń fa ṣọ́tà wálẹ̀ sí 1/30 tàbí 1/60, kí n máa yí pẹ̀lú agbo wọn bí wọ́n ṣe ń lọ, apá wọn á fà bí ìgbà tí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì fà á, púpọ̀ nínú ẹ̀ á bàjẹ́, àmọ́ mo ní ọ̀kan lára ògiri pálọ̀ mi tó jẹ́ pé ọ̀nà yẹn ni mo gbà yà á. Fọ́tò tó bá ṣe hóró-hóró bíi gààrí ò bà mí nínú jẹ́ tí ẹyẹ bá ti hàn, ẹ má bẹ̀rù ISO 6400.

Ẹ má fi fíláàṣì sí wọn lójú níbi tí wọ́n ń sùn, ẹ má ju òkò kí wọ́n lè fò. Mo ti rí ẹni tó ṣe é, mo sì bá a jà. Ẹyẹ 20 gíráàmù tó ń kó ọ̀rá sára láti tún fi fò kọjá aṣálẹ̀, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá lé e dìde lóru, inú ọ̀rá yẹn lẹ ti ń bù ú. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì dání, ẹ wọ aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn torí ẹ̀fọn, kẹ́ ẹ sì kúrò níbẹ̀ kó tó ṣú tán.

Ẹ̀yin tó jẹ́ fóònù lẹ ní, ẹ gbàgbé ẹyọ ẹyẹ kan tó wà lókèèrè. Ẹ jáde ní bí aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, lékeléke á máa tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ padà sórí igi tí wọ́n ń sùn sí, ẹ fìka kan ojú ọ̀run níbi tó mọ́lẹ̀ jù lójú fóònù, kẹ́ ẹ fa àmì oòrùn kékeré yẹn sísàlẹ̀ títí àwọ̀ ojú ọ̀run fi máa dùn, kẹ́ ẹ wá dúró kí ọ̀wọ́ wọn dé àárín. Ẹ má fẹ̀ ẹ́. Mo ti rí fọ́tò fóònù tó dáa ju ti kámẹ́rà mi lọ nípasẹ̀ ìyẹn nìkan.

Ekuru yìí máa wọ inú kámẹ́rà tẹ́ ẹ bá gbà á láyè. Ẹ má pààrọ̀ lẹ́ǹsì níta, ẹyọ kan lẹ máa gbé jáde, òun náà lẹ máa gbé wálé. Àpò náílọ́ọ̀nù tó ṣeé pa ẹnu ẹ̀ dé ni mo máa ń kó kámẹ́rà sí lórí ọ̀kadà kó tó wọ báàgì. Ẹ má fi etí bùbá nu ojú lẹ́ǹsì o, ekuru ọyẹ́ iyanrìn ni, ó máa ń họ gíláàsì, mo ní àpá kan lójú lẹ́ǹsì 70-300 mi tí mi ò lè mú kúrò mọ́. Ẹ fi rọ́bà tó ń fẹ́ atẹ́gùn fẹ́ ẹ kúrò ná, kẹ́ ẹ wá fi aṣọ lẹ́ǹsì nù ún. Àwọn ará Èkó, tẹ́ ẹ bá sun kámẹ́rà sínú yàrá tí éésì wà, ẹ fi í sílẹ̀ nínú báàgì níta fún bí ìṣẹ́jú 30 sí 40 kẹ́ ẹ tó ṣí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ lẹ́ǹsì á làágùn, àsìkò tó dáa jù láàárọ̀ á sì ti lọ kó tó gbẹ.

Nílé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní Lightroom, ètò tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe, ẹ máa rí ibi tí wọ́n kọ Dehaze sí, òun ló ń bu ekuru kù nínú fọ́tò. Ẹ rọra. Tẹ́ ẹ bá fà á kọjá 20 tàbí 25, ìyẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í dọ̀tí, etí ẹyẹ á ní àmì dúdú yí ká. Ẹ kọ́kọ́ fa ibi tó mọ́lẹ̀ jù wálẹ̀, ẹ gbé òjìji sókè díẹ̀, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ekuru rárá, ẹ sì jẹ́ kí ekuru díẹ̀ kù níbẹ̀, oṣù kíní ni, kò yẹ kó dà bí oṣù kẹsàn-án.

Kẹ́ ẹ tó nu èyí tí ò dáa kúrò, ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Fọ́tò alápàńdẹ̀dẹ̀ tó rú, tí ò ṣeé gbé sí ògiri, tó bá ti hàn pé alápàńdẹ̀dẹ̀ ni, tẹ́ ẹ sì mọ ọjọ́, aago, ibi tẹ́ ẹ ti rí i àti iye tẹ́ ẹ kà, ẹ gbé e sórí eBird, ìkànnì táwọn èèyàn ti ń kọ ẹyẹ tí wọ́n rí sílẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Àwọn tó ń ṣèwádìí lórí ẹyẹ máa ń lo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láti mọ ìgbà tí wọ́n dé àti ìgbà tí wọ́n lọ. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé tèmi látijọ́ síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan lékeléke Mọ́níyà tí ò ní ìyẹ́ lára yẹn.